Ta Ló Fún Abo Ẹṣin Lóúnjẹ?

Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Old Market ní Lọ́kọ́ja mọ̀ pé kò sẹ́ṣin tí mi ò lè gùn. Kì í ṣe fáàrí. Ẹ bi wọ́n léèrè. Ìwé nìkan ni mi ò lè gùn, mo sì fi í sílẹ̀ ní SS2. Kò sẹ́ni tó lé mi, èmi ni mo lé ìwé. Ọkàn mi kì í lè jókòó sójú kan. Ọ̀kadà ni mò ń wà láàárín Old Market àti Adankolo, ṣùgbọ́n bí Ìtunu tàbí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ò ní rí mi lórí ọ̀kadà mọ́. Bàbá ńlá wa ló mú ẹṣin wá láti Ìlọrin, ẹṣin ò sì tíì tán nílé wa láti ìgbà náà, bí owó tilẹ̀ ń tán.

Abo pupa kan wà tó jẹ́ ti Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun ló ni ín, èmi ni mò ń gùn ún. Lọ́jọ́ ọdún, tí a bá ti kírun tán ní Yídì, àwa ẹlẹ́ṣin á tò tẹ̀léra gba àárín ìlú kọjá. Abo pupa á máa gbé ẹsẹ̀ bíi pé ilẹ̀ gbóná, àwọn tó wà lójú fèrèsé á máa pè mí, èmi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Nítorí ọjọ́ méjì yẹn lọ́dún ni mo ṣe ń fara da ọjọ́ yòókù.

Ìgbà tó yá ni abo yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ya akọ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ó kọ́kọ́ ń yán bí akọ. Lẹ́yìn náà ọrùn ẹ̀ ń ki. Tí abo mìíràn bá tọ̀, á lọ gbóòórùn ibẹ̀, á ká ètè òkè sókè, á máa wo ojú ọ̀run. Àfi lọ́jọ́ tó gun abo funfun kan tí wọ́n jọ wà ní ibùso lẹ́yìn, ní ọ̀sán gangan, lójú àlejò. Ó bu Málàmù jẹ léjìká, Málàmù Hausa tó ti ń tọ́jú ẹṣin nílé wa kí wọ́n tó bí mi. Ó fẹ́ bu èmi náà jẹ. Èmi! Ẹni tó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún un ní ìrèké.

Nílé wa, kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣe èèyàn, ẹ máa kọ́kọ́ mọ ẹni tó ṣe é. Bàbá Àgbà ní ẹni tó ta ẹṣin náà fún òun ló mọ nǹkan kan tí kò sọ. Málàmù ní àlùjọ̀nnú ló gun ẹ̀yìn ẹ̀ níbi omi. Èmi fura sí Málàmù fúnra ẹ̀, torí ó ń da egbòogi kan sínú dùsà, èèrí bàbà tí àwọn ẹṣin ń jẹ, tí a bá sì bi í pé kí ni, á ní, "Ti ara líle ni." Ti ara líle? Ara wo ló tún fẹ́ kó le ju báyìí lọ?

Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Ó máa ń fi ọwọ́ gbá itan ẹ̀, kì í wo ojú ẹ̀, kì í wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gun ẹṣin á wo ẹsẹ̀. Ẹni tó ń gbá itan, ẹran ló ń wò. Mo bá Bàbá Àgbà nínú yàrá, mo ní ta ni ọkùnrin yẹn.

"Ó ń ra ẹṣin fún àwọn alápatà òkè ọ̀hún," ó ní, kò gbójú sókè. "Mi ò lè máa bọ́ ẹranko tó ń bu èèyàn jẹ nílé. Tí Iléyá bá fi máa dé tí kò tíì mọ̀ pé obìnrin lòun, á lọ."

"Bàbá Àgbà, ta ni màá gùn?"

"Gun ọ̀kadà ẹ."

Mo jáde. Mi ò sunkún. Eruku ló kó sí mi lójú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mo gbé obìnrin kan lọ́nà Adankolo. Ó wọ bàtà rọ́bà, ó ń rùn bí oògùn màlúù. Mo ń sọ fún un bí mo ṣe ń gun ẹṣin, torí gbogbo èrò tí mo bá gbé ni mo máa ń sọ ọ́ fún, mo wá ní abo wa kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú báyìí, ó ti ya wèrè.

"Irú wèrè wo?"

"Ó ń bu èèyàn jẹ."

"Kì í gun àwọn abo ẹgbẹ́ ẹ̀?"

Díẹ̀ ló kù kí n gbé wa wọ gọ́tà. Mo tẹ bíréékì, mo yíjú sí i. "Ta ló sọ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Dókítà ẹranko ni mí. Yí ọ̀kadà padà, gbé mi lọ wò ó."

Mo yí i padà, ṣùgbọ́n ara mi ò lélẹ̀. Ní ìlú yìí, ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ilé yín kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ má tètè fún un lága.

Ìyá Àgbà ló fún un lága. Òun ló bí Bàbá Àgbà àti bàbá mi, òun ló sì ni àṣẹ ilé wa, ẹnu lásán ni Bàbá Àgbà ní. Dókítà kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Òkun o, Ìyá."

"Òkun kẹ̀? Odò ló wà ní Lọ́kọ́ja, kò sókun."

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ará Yàgbà ni mí, Ìyá. Bí a ṣe ń kíni nìyẹn."

"Mo mọ̀. Mo ní kí o rẹ́rìn-ín ni. Ojú rẹ le jù fún ẹni tó wá wo aláìsàn."

Dókítà wọ ìbọ̀wọ́ tó gùn dé èjìká, ó ki ọwọ́ bọ abo pupa nídìí. Málàmù yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run. Èmi ni mo di orí ẹṣin náà mú, torí ta ló tún lè dì í mú? Dókítà fọwọ́ wá inú lọ wá inú bọ̀ bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù sínú àpò. Ó tún fi ẹ̀rọ kékeré kan wò ó, ẹ̀rọ tó ní ojú bíi ti fóònù. Nígbà tó yọwọ́, ó ṣàlàyé. Ó ní bí obìnrin ṣe ní ilé ẹyin méjì náà ni abo ẹṣin ní in. Ti apá òsì ti wú, nǹkan kan ń hù níbẹ̀. Nǹkan náà ló ń tú oje sínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, oje yẹn ló ń mú un ṣe bí akọ. Tí wọ́n bá yọ ọ́, á padà bọ̀ sípò.

"Ẹ máa la ikùn ẹ̀?" Bàbá Àgbà bi í.

"Rárá, sà. Ihò kéékèèké mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Màá ti kámẹ́rà bọ ọ̀kan, màá ti ohun èlò bọ àwọn yòókù. Ìnàró ló máa wà. Oògùn á mú un tòògbé, abẹ́rẹ́ á mú ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kú."

"Ìnàró? Ẹ máa gé nǹkan nínú ẹ̀, á dúró máa wò yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nǹkan tó wú yẹn, báwo ló ṣe tóbi tó?"

Dókítà fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é, ó tó ọsàn ńlá. Bàbá Àgbà wo ọwọ́ náà, ó wò mí, ó wo òrùlé. Èmi náà ti rò ó. Ọsàn ńlá, láti inú ihò kékeré. Ẹ̀hẹ́n.

Ohun tó wá mú mi fura pátápátá ni pé owó iṣẹ́ náà ò tó nǹkan. Dókítà ní ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ọ̀dọ̀ àwọn ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun nílò láti rí iṣẹ́. Mo ti mọ̀! Wọ́n fẹ́ fi ẹṣin wa kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń gbá itan yẹn ti tún wá ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Láàárín ẹni tó fẹ́ fi í kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó fẹ́ fi í sun súyà, mo yan akẹ́kọ̀ọ́.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín," Dókítà ní. "Kó má jẹun. Láti àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́, koríko ò gbọdọ̀ kan ẹnu ẹ̀, dùsà ò gbọdọ̀ kan án. Omi nìkan. Tí ìfun ẹ̀ bá kún, á dí kámẹ́rà lójú, mo sì lè gún un níhò. Tí mo bá gún ìfun ẹṣin, ẹ lọ máa gbẹ́lẹ̀."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún èmi," mo ní. "Èmi fúnra mi màá sùn sẹ́nu ọ̀nà ibùso. Eṣinṣin ò ní wọlé."

Inú oṣù ààwẹ̀ la wà. Mo rìn káàkiri ilé, mo ń sọ fún tọmọdé tàgbà pé abo wa náà ti bá wa bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà ibùso, mo sùn síbẹ̀ bí ajá ọlọ́pàá. Nígbà tí Ìyá Àgbà wá gbá mi lẹ́sẹ̀ fún sààrì, bó ti ń jí gbogbo ilé láti yàrá dé yàrá, mo wọlé lọ jẹun, mo padà síbi ẹní mi. Ẹṣin náà dúró sí ibi tí mo fi í sí. Àwo ẹ̀ ṣófo. Ọkàn mi balẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, wọ́n kó abo pupa sínú ọgbà irin tóóró kan tí kò lè yí padà nínú ẹ̀, nínú ọgbà àwọn dókítà ẹranko. Ẹ lè rí Òkè Patti láti ibẹ̀. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́rùn, orí ẹ̀ sì ń wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀ jábọ́, ó dúró bí àgbàlagbà tó sùn nínú ìwáàsù. Wọ́n fá irun ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n fọ ibẹ̀ títí awọ fi ń dán. Ojú mi ò kúrò lára wọn. Mo ń wo ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohun tó mú àti ibi tó gbé e sí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i nínú.

"Ẹ jọ̀ọ́, táyà ni?" mo ní. "Fọkanáísà la gbé e wá bá?"

"Kí àyè lè wà nínú ẹ̀ ni," akẹ́kọ̀ọ́ kan ní. "Dákẹ́, ọ̀gbẹ́ni."

Dókítà ti ọ̀pá kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò, tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàn. Gbogbo wa na ọrùn. Mo ti retí kí n rí nǹkan àràmàǹdà. Ìfun ni mo rí. Ìfun ńlá, ó kún, ó ń dán, ó ń rọra yí bíi pé ó ń mí. Dókítà yí kámẹ́rà sókè, ìfun. Ó yí i sẹ́yìn, ìfun. Ó gbìyànjú láti fi ọ̀pá kejì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìfun ò gbọ́. Òógùn bò ó níwájú orí. Lẹ́yìn náà ó fa gbogbo ẹ̀ yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an padà. Ó gé okùn tó kẹ́yìn. Ó wá kọjú sí mi.

"Ta ló fún un lóúnjẹ?"

"Kò sẹ́ni tó fún un lóúnjẹ."

"Ìfun yìí kún."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i!"

Àwáwí ni mo pè é lọ́kàn mi. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbé iṣẹ́, ó ń wá ẹni tó máa dì í rù. Ṣùgbọ́n ó fà mí lápá lọ sẹ́yìn ọgbà irin, ó fi bàtà rọ́bà tọ́ka sílẹ̀. Abo pupa ti yàgbẹ́ láàárín iṣẹ́. Ìgbẹ́ náà rọ̀, ó tutù yọ̀yọ̀, èèrí bàbà wà nínú ẹ̀ káàkiri. Èmi náà mọ ìgbẹ́ ẹṣin. Ẹṣin tí ebi ń pa láti àná kì í yàgbẹ́ báyẹn.

"Mo lè tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tó bá tún kún, mi ò ní ti irin bọ ẹṣin yín mọ́."

Gbogbo ọ̀nà ilé, mò ń ṣírò ẹni tó ṣe é. Ta ló ń mú dùsà? Málàmù. Ta ni yàrá ẹ̀ wà lẹ́yìn ibùso? Málàmù. Ta ló ní àlùjọ̀nnú ni, pé ọ̀bẹ ò lè lé àlùjọ̀nnú? Ta ni ẹṣin náà bù jẹ? Mo ń wò ó níbi tó ti ń fa ìjánu lọ níwájú mi, ó ń kọrin jẹ́jẹ́ sétí ẹṣin, mo ní wò ó, wò ó bó ṣe ń bá a ṣọ̀rẹ́. Kódà ó lè jẹ́ pé ọkùnrin tó ń gbá itan ti fún un ní nǹkan.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n pèrun àṣálẹ́. Àwọn ará ilé ti jókòó yí abọ́ ká ní àgbàlá, omi ti wà nílẹ̀, dàbínù ti wà nínú àwo. Ìyá Àgbà ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà tí wọ́n máa sè fún sààrì. Kí n máa dúró kí wọ́n ṣínu tán? Sùúrù yẹn ò sí lára mi.

"Málàmù," mo ní, "kí lo fún ẹṣin jẹ?"

Ó gbójú sókè. "Yaushe? Ìgbà wo?"

"O mọ ìgbà tí mò ń sọ. Ó dá mi lójú pé àlùjọ̀nnú ò mọ bí wọ́n ṣe ń bu dùsà!"

"Haba! Ọmọ yìí, mo ti gbé ẹ sórí ẹṣin nígbà tí o ṣì ń tọ̀ sára, o ń pè mí lólè dùsà?"

"Èlò ni wọ́n fún ẹ?"

Bàbá Àgbà lu abọ́ nílẹ̀. "Ẹnu ẹ á pa ọ́ lọ́jọ́ kan! Níwájú oúnjẹ ìṣínu?"

"Bàbá Àgbà, ẹnì kan nínú ilé yìí fẹ́ kí ẹṣin yẹn kú! Mo sùn sẹ́nu ọ̀nà! Ẹnì kan gba ẹ̀yìn wọlé, ó fún un lóúnjẹ, mo fẹ́ mọ̀ ọ́n!"

"Kí lo ń pariwo sí?" Ìyá Àgbà ní. Kò dáwọ́ dúró lórí ẹ̀wà. "Èmi ni mo fún un."

Ó gbọn àwo ẹ̀wà.

"Nígbà tí o wọlé wá jẹ tìrẹ, mo gbé tiẹ̀ lọ fún un. Tùwó tó ṣẹ́kù, mo pò ó mọ́ dùsà. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá àwo. Kí ló dé?"

"Ìyá Àgbà! Wọ́n ní kó má jẹun!"

"Mo gbọ́. Àwa náà, ta ló ní ká jẹun? Ṣé a ò ní sààrì ni? Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí ní ìyàwó, tí oṣù ààwẹ̀ bá dé, tí baba yín bá ń jẹ sààrì, ẹṣin ẹ̀ ń jẹ. Ó ní ẹni tó ń gbé òun kiri nínú oòrùn ò ní mọ́jú lébi. Ẹ̀mí kankan kì í mọ́jú lébi nílé mi lóṣù yìí." Ó sọ òkúta kan dànù. "Ìwọ náà lo sì ń kiri ilé pé ó ń gbààwẹ̀. O fẹ́ kó gbà á bíi kèfèrí?"

Málàmù fi etí àgbádá bo ẹnu, èjìká ẹ̀ ń mì. Ó ti mọ̀. Ó ti rí i! Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ìyá gbé oúnjẹ wá fún ẹranko, kí n mú Ìyá lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá?" Wọ́n pèrun, wọ́n mú dàbínù. Mo ṣínu, mi ò wo ojú ẹnikẹ́ni. Dàbínù yẹn korò.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Ìyá Àgbà ò gbà. Wọ́n sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹṣin á tún pa ebi mọ́nú, ó ní kò ní ṣẹlẹ̀. Ó ní òun fura sí dókítà tó ń fi ebi pa aláìsàn, ó jọ pé wọ́n fẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ kó má baà ta wọ́n nípàá. Bàbá Àgbà ní ká jẹ́ kí ẹṣin sùn sọ́dọ̀ àwọn dókítà, kíá ó tún pa ohùn dà, ó ní wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀. Pààrọ̀ ẹ̀! Ẹṣin tí gbogbo Lọ́kọ́ja mọ̀ lábẹ́ mi! Ṣùgbọ́n mo rò ó, mo ní lóòótọ́, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀.

Mo lọ gbé Dókítà wá lórí ọ̀kadà, ọ̀fẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó bá a ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá, tí ṣíbí bá rì sínú ìkòkò tó kún fún ẹ̀wà, ẹ lè rí i?"

"Màá tọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Èmi ò lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ihò mi kéré. Ojú nìkan ni mo ní."

Ìyá Àgbà ronú. "Ṣé omi náà ni o ní kó má mu?"

"Rárá, Ìyá. Kó mu omi dáadáa. Àárọ̀, ọ̀sán, ìgbà tó bá wù ú."

Ìyá Àgbà fi ẹ̀wà sílẹ̀. "Lọ́sàn-án?"

"Lọ́sàn-án, Ìyá."

"Ẹni tó ń mu omi lọ́sàn-án ò gbààwẹ̀." Ó yíjú sí mi wéré. "O parọ́ fún mi. Aláìsàn ni. Ààwẹ̀ ò sí lọ́rùn aláìsàn, ta ní wá ń fún aláìsàn ní sààrì? Ohun tí dókítà bá ní kó jẹ ló máa jẹ." Ó padà sídìí ẹ̀wà. "Ṣùgbọ́n mo máa tẹ̀lé yín. Mo fẹ́ fojú mi rí ohun tí ẹ bá yọ."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbà jókòó lórí àpótí nínú ọgbà àwọn dókítà, ó ń ka tẹ̀sùbáà, ojú ẹ̀ ò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. Ìfun ti rọlẹ̀. Àyè wà. Kámẹ́rà rìn wọlé bí ẹni tó gbé iná wọ inú àjà, mo sì rí i. Mo rí i kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó rí i, mi ò bìkítà ohun tí wọ́n bá sọ. Ó so rọ̀ sókè níbẹ̀, ó rí kókó-kókó, àwọ̀ ẹ̀ ń pọ́n lọ sí dúdú, kò jọ ohunkóhun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Dókítà fi abẹ́rẹ́ gígùn kan mú ìdí ẹ̀ kú. Ó wá mú irin kan tó ń jó ẹran bó ti ń gé e, èéfín díẹ̀ ń yọ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí. Abo pupa mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sinmi. Mo di orí ẹ̀ mú, mo ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni ara mi ò balẹ̀.

Ó gé e já, ó kó o sínú àpò ọ̀rá kan nínú lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti ń dúró dè wọ́n. Mo ní ẹ jẹ́ ká wo bí ọsàn ńlá ṣe máa gba ojú abẹ́rẹ́ jáde. Dókítà mú ọ̀bẹ, ó fẹ ihò kan lójú sí i.

"Òjóró!" mo kígbe. "Ìyá Àgbà, ẹ wò ó! Wọ́n ní ihò kékeré!"

"Ilẹ̀kùn abala méjì ni," Dókítà ní, kò yíjú. "Èèyàn ń gba abala kan wọlé. Tí àpò ìrẹsì bá dé, ẹ ò ní ṣí ìkejì?"

"Ṣí i, ọmọ mi, ṣí i," Ìyá Àgbà ní. "Má dá a lóhùn. Ẹnu ẹ̀ ni kò ní abala méjì, gbogbo ìgbà ló ṣí sílẹ̀."

Wọ́n fa àpò náà jáde. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n la nǹkan náà lójú òun. Inú ẹ̀ dà bí afárá oyin, ihò ihò, omi pupa wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà tẹjú mọ́ ọn pẹ́. "Ìwọ yìí," ó bá nǹkan náà sọ̀rọ̀, "ìwọ lo ń gun ẹṣin ẹlẹ́ṣin." Mo ní kí wọ́n fún wa ká gbé e lọ sin, torí ta ló mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe? Dókítà ní òun ní láti gé díẹ̀ lára ẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Mi ò fẹ́ gbà. Ìyá Àgbà ní ká fi í sílẹ̀.

Ẹ ò bá rò pé gbogbo ẹ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Dókítà ti sọ fún wa pé oje tó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní gbẹ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ta ló ní sùúrù? Ìtunu dé, mo jókòó ti abo pupa nínú ibùso, mò ń gbọ́ pátákò ẹṣin àwọn ẹlòmíì lójú títì. Ó ṣì ń yán bí akọ. Lẹ́yìn Ìtunu, ó tún gé abo funfun jẹ lọ́rùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń fọwọ́ tẹ àpá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mò ń rò ó pé bóyá ilé ẹyin tó dáa ni wọ́n yọ, bóyá ti ẹṣin mìíràn ni wọ́n fi hàn wá. Mo pe Dókítà títí kò fi gbé fóònù mi mọ́. Ọkùnrin tó ń gbá itan tún wá, ó gbá itan, ó lọ bá Bàbá Àgbà sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Bàbá Àgbà mi orí. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ.

Àárọ̀ Iléyá ló dé. Mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti dè é ní gàárì, mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá Àgbà jáde pẹ̀lú aṣọ funfun ẹ̀, kò kí mi. Ó wọ ibùso, ó tú abo funfun sílẹ̀, ó fà á wá, ó mú un dúró ti abo pupa ní ìhà kan náà tó máa ń gbà gùn ún. Málàmù dúró ti ilẹ̀kùn.

Abo pupa na imú sí abo funfun. Ó gbóòórùn ọrùn ẹ̀, ó gbóòórùn ìdí ẹ̀. Mo dúró de ètè òkè kó ká. Kò ká. Ó yíjú kúrò, ó gbé àgbọ̀n lé mi léjìká, ó sì sín sára babaríga ọdún mi.

Bàbá Àgbà wò ó. Ó tún wò ó. "Jẹ́ ká tún mú un yí lẹ́ẹ̀kan sí i," ó ní. Ó fa abo funfun yí i ká, ó mú un dúró lápá kejì. Abo pupa pa ojú dé. Bàbá Àgbà da abo funfun padà sínú ibùso, ó wá síbi àpá náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

"Gùn ún," ó ní. "Tó bá ṣe kù-díẹ̀-káàtó ní Yídì, ẹ jọ ń lọ bá alápatà ni."

Mo ti fẹsẹ̀ lé e lára tán nígbà tí Ìyá Àgbà yọ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹṣin yẹn ti jẹun?"

"Ìyá Àgbà, a kì í jẹun kí á tó ti Yídì Iléyá dé," mo ní.

"Ìwọ ni o kì í jẹun. Òun ò kírun." Ó ń bọ̀, ó gbé etí ìró sókè. "Mo bi yín, ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun," Málàmù ní.

"Ó ti jẹun, Màámi," Bàbá Àgbà ní.

Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gba àárín wa kọjá, ó wọ ibùso lọ, ó gbé àwo náà sí ìmọ́lẹ̀, ó wo inú ẹ̀.